Error 1068: ta ló ti bá a pàdé rí?

Onítẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kọ̀, kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀. Wáyà wà lẹ́yìn rẹ̀, iná ara mọ́dẹ́ẹ̀mù ń ṣẹ́jú. Mo wọ services.msc, ibi tí Windows to àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ sí, mo ní kí DHCP Client, èyí tó ń gba àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀, Error 1068 ló gbé wá. Ta ló ti rí irú ẹ̀? Báwo lẹ ṣe yọ?

Bàbá Ìbejì: Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dá mi dúró ní 2019, lórí Windows 7. Àṣé DHCP kọ́ ló ń ṣàìsàn, ohun tó gbára lé ni kò jí. Ẹ tẹ DHCP Client lẹ́ẹ̀mejì nínú services.msc, ẹ wo Dependencies, ìyẹn àwọn ohun tó gbára lé. Ẹ ó rí NSI (Network Store Interface, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti AFD (Ancillary Function Driver, dírátà tí áàpù ń gbà wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) níbẹ̀. AFD kì í hàn nínú services.msc, àfi kí ẹ kọ sc query afd sí cmd, fèrèsé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí. Afd.sys, fáìlì AFD, tèmi ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tí iná lọ lójijì. Àṣẹ sfc /scannow, tó ń tún fáìlì Windows tó bàjẹ́ ṣe, ló gbà mí.

Ṣadé: Ẹ kọ netsh winsock reset, tó ń dá ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, sí cmd, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Ó parí.

Bàbá Ìbejì: Kò parí o. Èwo ni winsock reset fẹ́ ṣe sí fáìlì tó bàjẹ́?

Ìyá Tóbi: Irú èyí ni mo gbé lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò yẹ nǹkan kan wò, ó fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ó pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́. Fọ́tò ìsìnkú màmá mi wà nínú ẹ̀. Nítorí íntánẹ́ẹ̀tì lásán!

Ṣadé: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́: Ẹ̀bi oníṣẹ́ nìkan kọ́ ṣá. Ó yẹ kí ẹ ti kó o pamọ́ síbòmíràn.

Ìyá Tóbi: Tí mo bá gbé aṣọ fún télọ̀, ṣé kí n ti rán irú ẹ̀ sílé ni, torí bóyá ó máa fi áyọ́ọ̀nù jó o? Ó yẹ kó bi mí!

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ bi oníbàárà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Onítẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí i. NSI wà ní Disabled, wọ́n ti pa á! Lánàá ni ọmọ iṣẹ́ mi gbé áàpù kan sórí rẹ̀, tó ní òun ń mú kọ̀ǹpútà yára. Ó jọ pé òun ló pa á.

Bàbá Ìbejì: Ẹ yọ áàpù yẹn dànù. Ẹ gbé NSI sí Automatic, kó lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn.

Onítẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Ó ti wọlé o! Ẹ ṣeun gan-an.

Bàbá Ìbejì: Ìyá Tóbi, ṣé ẹ ṣì ń lo kọ̀ǹpútà yẹn?

Ìyá Tóbi: Rárá. Inú bí mi, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn látìgbà náà.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má tàn án o. Tí wọn ò bá tíì kó nǹkan púpọ̀ lé e, a lè rí díẹ̀ nínú fọ́tò yẹn fà yọ.

Ìyá Tóbi: Ibo ni kí n gbé e wá?