Ìdí tí wọ́n fi ń sun amúṣẹ́yá krómíọ̀mù kí wọ́n tó fi ṣe pọ́líẹ́tílíìnì

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Olùkọ́ chimie wa sọ pé amúṣẹ́yá Phillips (amúṣẹ́yá ni ohun tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára), èyí tí J. Paul Hogan àti Robert Banks ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1951, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú pọ́líẹ́tílíìnì, ìyẹn ike, líle tí a fi ń rọ bidon. Ó ní krómíọ̀mù inú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sílíkà, irú ohun tí ó wà nínú iyanrìn, sì ni ìyókù. Bí krómíọ̀mù bá ni ó ń ṣiṣẹ́, kí ni sílíkà wà fún, kí sì ni wọ́n ń sun ún sí?

Ará Kétu:
Àbúrò, ihò wẹ́wẹ́ kún inú sílíkà yẹn débi pé gíráàmù kan ṣoṣo lè ní ojú tí ó fẹ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín lọ. Ojú náà ni krómíọ̀mù fọ́nká sí, kí gáàsì ẹ́tílíìnì, èyí tí ó ń so mọ́ra di ike, lè ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ sílíkà sínú omi tí wọ́n po iyọ̀ krómíọ̀mù sí, tí wọ́n sì sá a gbẹ, krómíọ̀mù kàn bà lé e lásán ni; iná ni ó ń dè é mọ́ ọn. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, láàárín ìwọ̀n Celsius 500 sí 900, àwọn hydroxyl (ọ́ksíjìn kan pẹ̀lú háídírójìn kan) ojú sílíkà yóò di krómíọ̀mù mú, omi yóò sì jáde lọ. Bí iná bá ṣe gbóná tó láàárín ìwọ̀n wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni hydroxyl tí ó ṣẹ́kù yóò ṣe dínkù, tí okùn ike tí yóò ti ara rẹ̀ jáde yóò sì kúrú sí i, tí yóò sì máa ṣàn dáadáa bí ó bá yọ́. Lójú tèmi, ìdí iná ni wọ́n ti ń yan irú ike tí wọ́n fẹ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Kí n fi kún un pé lẹ́yìn sísun, inú nitrogen gbígbẹ ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí ọ̀rinrin a máa pa á, bẹ́ẹ̀ ìwọ sì mọ bí afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà yín ṣe rí. Má dán an wò nílé ẹ̀kọ́ o: krómíọ̀mù tí iná bá sọ di onípò kẹfà (ìyẹn, tí ipò ìsopọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ́ksíjìn jẹ́ mẹ́fà) a máa fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí onípò kẹta, kí ìyípadà náà lè wáyé nínú iná.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Báwo ni wọ́n wá ṣe ń yọ sílíkà kúrò nínú ike náà?

Ará Kétu:
Wọn kì í yọ ọ́. Bí ike ṣe ń dàgbà nínú ihò rẹ̀ ni ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọn ẹ̀rún náà a sì wà nínú ike. Gíráàmù kan amúṣẹ́yá lè mú ọ̀pọ̀ kílò ike jáde, nítorí náà ohun tí ó ṣẹ́kù kò tó nǹkan.