Màmá mi ń tọ́jú oògùn ìrora pamọ́ de ọjọ́ iwájú: kí ni kí n ṣe?

Àbíkẹ́yìn, Mọ́níyà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, jẹjẹrẹ ọmú tí ó ń bá wọn fínra sì ti ràn dé egungun ẹ̀yìn. Dókítà kọ mọ́fíìnì olómi fún wọn, pé kí wọ́n máa lò ó ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, yálà ìrora wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ara bá ń ni wọ́n gan-an nìkan ni wọ́n máa ń fọwọ́ kan ìgò náà. Wọ́n ní bí àwọn bá lò ó tán nísinsìnyí, kí ni àwọn yóò lò lọ́jọ́ tí ó bá le ju báyìí lọ? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tún ń dá kún un, pé oògùn tí ń di bárakú ni, àti pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ní mọ́fíìnì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, Màmá á ní, "A dúpẹ́, ó ti fúyẹ́." Ǹjẹ́ mo lè máa bù ú sínú ẹ̀kọ wọn láìsọ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, Agodi:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú sínú ẹ̀kọ. Bí Màmá kò bá mu ẹ̀kọ náà tán, ẹ kò ní mọ iye oògùn tí ó wọ inú wọn; bí wọ́n bá sì tún mu tiwọn lẹ́yìn yín, ó ti di ìlọ́po méjì. Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé sì ni wọ́n, ẹ̀tọ́ wọn ni láti mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì.

Láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí a máa fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń dà láàmú ní oògùn ìrora rẹ̀ lásìkò, kí a má dúró dìgbà tí ó bá béèrè, nítorí pé nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni agbára mọ́fíìnì olómi fi ń ṣiṣẹ́ lára. A kì í dúró kí omíyalé dé ojú fèrèsé kí a tó kó ẹrù kúrò nílẹ̀. Bí ìrora bá ti gòkè tán, ìwọ̀n tí ì bá ká a tẹ́lẹ̀ kò ní tó mọ́. Pípa á mọ́ kò sì ṣe Màmá láǹfààní kankan. Parasitamọ́ọ̀lù ni ó ní ibi tí a gbọ́dọ̀ dúró sí, tí àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ṣùgbọ́n bí ìrora bá pọ̀ sí i, dókítà lè máa fi kún mọ́fíìnì díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí ara mọ oògùn lára yàtọ̀ sí kí ọkàn máa sá tẹ̀lé e. Ti àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kí a máa dá a dúró lójijì. Ti èkejì kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ń lò ó fún ìrora jẹjẹrẹ lábẹ́ àbójútó. Bí ìrora ṣe le tó ni dókítà ń wò kí ó tó kọ ọ́, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ó kù fún ènìyàn láyé.

Ọmọ Apátá:
Bàbá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. A bá wọn jà títí lórí bárakú, àṣé àìrígbẹ́yà ni ó lé wọn sá, tí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún àwa ọmọ. Èébì àti oorun tí ó kọ́kọ́ dààmú wọn lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ti ìgbẹ́ kò lọ àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí ń mú un rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jókòó ti Màmá nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín kò bá sí nílé, kí ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìyá Ìbejì, Ọjàaba:
Ọmọ mi, bí ìyá rẹ kò bá fẹ́ ti òyìnbó, ṣebí àgbo wà.

Apòògùn kan, Bódìjà:
Ẹ má bínú, Mà. Àgbo tí a kò mọ ohun inú rẹ̀ léwu pẹ̀lú mọ́fíìnì. Ọtí àti oògùn oorun náà léwu, nítorí wọ́n lè mú kí mímí falẹ̀. Bí a kò bá lè jí Màmá lójú oorun, tàbí tí wọn kò mí dáadáa mọ́, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Síríǹjì ni kí ẹ fi wọn oògùn náà, kì í ṣe ṣíbí ìdáná, kí ẹ sì ka agbára tí wọ́n kọ sára ìgò, torí ìgò kan le ju òmíràn lọ. Bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀kan, kí wọ́n má lo méjì pọ̀. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí nítorí àwọn ọmọdé.

Àbíkẹ́yìn, Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ pé ìrora ń pọ̀ sí i, dókítà lè rò pé ìtọ́jú jẹjẹrẹ náà kò ṣiṣẹ́, kí ó sì dá a dúró. Wọ́n ti gbà láti máa lò ó lásìkò títí a ó fi padà lọ. Ṣé kí n máa jí wọn lóru?

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, Agodi:
Dókítà tí kò gbọ́ nípa ìrora kò lè wá nǹkan ṣe sí i. Fún ti egungun pàápàá, ìtọ́jú onítànṣán wà tí ń dín ìrora kù. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí Màmá máa fi òǹkà 0 sí 10 sọ bí ìrora ṣe tó láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ mú ìwé náà àti ìgò oògùn dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Ní ti òru, àwọn dókítà kan máa ń fi kún èyí tí aláìsàn yóò lò kí ó tó sùn, kí ó lè sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí kíndìnrín wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni yóò pinnu ìyẹn. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́la kí ẹ bi wọ́n. Kí ìyẹn tó dé, ẹ jí wọn.