Ọdún tí mo kọ̀ láti gbà pé wọ́n ti lé Federer bá

Àríyànjiyàn tó gbòde lórí bóyá àwọn ọ̀dọ́ ti gba iwájú lọ́wọ́ Djokovic nínú eré tẹ́nìs tàbí wọn kò tíì gbà á mú mi rántí ọdún 2008, nítorí irú rẹ̀ gan-an, lórí Federer tó jẹ́ ẹni kìíní lágbàáyé nígbà náà, ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ fà láti oṣù kìíní ọdún náà títí di oṣù kẹjọ. Federer ni èmi ń tì lẹ́yìn, tọkàntọkàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn kò ní ẹnì kan pàtó tí wọ́n ń gbè. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹ́nìs fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú olùkọ́ ni wọ́n sì fi ń wo eré, èyí ni pé ẹsẹ̀ àti èjìká ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò kí wọ́n tó wo ojú ẹni tó ń gbá a.

Ẹni tí kò tẹ̀lé eré náà nígbà yẹn lè má mọ bí ọkàn àwa olólùfẹ́ Federer ti balẹ̀ tó. Láti ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2004 ló ti jókòó sí ipò kìíní láìsọ̀kalẹ̀ rárá. Ó ti gba Wimbledon, ìdíje ńlá orí koríko ní London, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra, láti 2003 sí 2007, gẹ́gẹ́ bí Björn Borg ti ṣe láti 1976 sí 1980. Nígbà tí Djokovic wá nà án ní Australia ní oṣù kìíní ọdún 2008, mo ní àìsàn ló fà á, òótọ́ sì ni pé wọ́n kéde lẹ́yìn náà pé àìsàn mononucleosis, èyí tó máa ń tán ènìyàn lókun, ti ń bá a jà. Nígbà tí Nadal, ẹni kejì lágbàáyé nígbà yẹn, fi 6-1, 6-3, 6-0 lù ú ní àṣekágbá Paris ní oṣù kẹfà, mo ní orí ilẹ̀ amọ̀ ni, ta ni kò sì mọ̀ pé Nadal ló ni ilẹ̀ amọ̀? Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú àwíjàre mi. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé mo ti ń wá àwíjàre kiri, bẹ́ẹ̀ odidi ọdún mẹ́rin ni n kò fi nílò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jiyàn lórí àìsàn, wọn kò sì bá mi jiyàn lórí amọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí: "Níbo ni bọ́ọ̀lù ti ń bá a?"

Àlàyé wọn rèé. Ọwọ́ ọ̀tún ni Federer fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń di rákẹ́ẹ̀tì mú nígbà tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó wá sí apá òsì rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ẹ̀yìn ọwọ́. Ọwọ́ òsì ni Nadal fi ń gbá tirẹ̀. Nítorí náà, bí Nadal bá fi ọwọ́ agbára rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kọjá pápá ní ìdábùú, ẹ̀yìn ọwọ́ Federer gan-an ni yóò bá, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù lásán. Ìsàlẹ̀ ni Nadal ti ń gbé rákẹ́ẹ̀tì bọ̀, tí yóò sì fà á lọ sókè kọjá orí ara rẹ̀, débi pé bọ́ọ̀lù á máa yí bí òkòtó. Bí ó bá kanlẹ̀, ṣe ni yóò fò dé èjìká ẹni tó ń dúró dè é. Ẹni tó fi ọwọ́ méjì mú rákẹ́ẹ̀tì lè dènà rẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ kan kò ní agbára kankan ní gíga yẹn. Kí ó gé e lábẹ́ kí ó sì dá a padà ní jẹ́jẹ́ ló kù fún un, Nadal á sì wọlé wá parí iṣẹ́.

Wọ́n tún fi ohun mìíràn kún un tí n kò rò rí. Apá òsì pápá ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí iye àmì bá jẹ́ 30-40, tàbí nígbà tí àǹfààní bá wà fún ẹnì kan lẹ́yìn 40-40, èyí ni pé àmì kan ṣoṣo ló lè parí géèmù. Níbẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì ti máa ń yà bàrá lọ síta, tí yóò fa ẹni tó ń dá a padà kúrò nínú pápá pátápátá. Ìyẹn ni pé ibi tí Federer ti nílò àmì jù lọ ni ohun ìjà Nadal ti mú jù lọ.

Mo ní àsọdùn ni. Wọn kò dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi lọ sí pápá, wọ́n sì pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́, ọmọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Wọ́n ní kí ó máa gbá gbogbo bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, kí ó máa fà á sókè dáadáa. Èmi náà ọlọ́wọ́ kan ni mo jẹ́. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò le. Mo dá wọn padà, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ní ẹ̀bá etí, rákẹ́ẹ̀tì ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló dì í mú, ẹran ìsàlẹ̀ apá mi sì le gbagidi. Mo sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan kí n lè dúró dè é kí ó rọ̀ wálẹ̀. Mo tún sún sẹ́yìn. N kò mọ̀ pé mo ṣì ń sún títí gìgísẹ̀ mi fi kan wáyà ọgbà.

"Wo ibi tí o dúró sí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Síbẹ̀, mo ṣì ní koríko tí mo gbójú lé. Lórí koríko, bọ́ọ̀lù kì í fò tó bẹ́ẹ̀, Federer sì ti borí nínú eré 65 léraléra lórí rẹ̀, 40 nínú wọn ní Wimbledon. Ẹ̀gbọ́n mi rán mi létí pé láti 2001 ni wọ́n ti yí koríko Wimbledon padà sí oríṣi kan ṣoṣo tó le, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì gan, àti pé ní 2007 Nadal ti bá Federer dé sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ìpín tó kẹ́yìn nínú eré, níbẹ̀. Mo ní kí a jẹ́ kí ọjọ́ pé.

Ọjọ́ náà pé ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo ìgbà tí òjò dá a dúró. Nadal gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, 6-4, 6-4. Federer fi tie-break gba ìkẹta, ìyẹn géèmù àfidájọ́ tí wọ́n ń gbá nígbà tí sẹ́ẹ̀tì bá di 6-6, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì méje, pẹ̀lú ìyàtọ̀ méjì, yóò borí. Nínú tie-break sẹ́ẹ̀tì kẹrin, Nadal ti wà ní 5-2, ó ku àmì méjì péré kó gba ife, ló bá ṣi bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ gbá lẹ́ẹ̀mejì léra. Nígbà tó di 8-7, tó ku àmì kan ṣoṣo, Nadal sáré wá sí iwájú, Federer sì gbá ẹ̀yìn ọwọ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà gan-an! Mo fò sókè, mo sì pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí pé, "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i báyìí?"

"Mo rí i, ó dára gidigidi," ni wọ́n dáhùn. "Mélòó irú rẹ̀ ni o rò pé ó lè gbá lóòjọ́?"

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí sẹ́ẹ̀tì karùn-ún ń parí lọ, nítorí pé pápá àárín gbùngbùn náà kò tíì ní òrùlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48, Federer gbá bọ́ọ̀lù àtẹ́lẹwọ́ kan wọ inú àwọ̀n, ó di 9-7. Ìgbà 13 ni Federer ní àǹfààní láti já géèmù Nadal gbà ní ọjọ́ yẹn, ìyẹn géèmù tí Nadal ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i gbà. Nígbà tí mo rí iye yẹn, wáyà ọgbà ọjọ́ Sátidé ni mo rántí.

Síbẹ̀ n kò tíì gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Federer ṣì ni ẹni kìíní lágbàáyé, mo sì fi ìyẹn ṣe asà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú asà yìí lónìí: èrè ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n ń kó jọ sínú ìṣirò ipò, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì ń gbé ènìyàn ró lẹ́yìn tí agbára ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ni Nadal gba ipò náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 237 tí Federer ti lò níbẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Federer gba US Open fún ìgbà karùn-ún léraléra. Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, mo ní, "Ẹ ṣáà ní wọ́n ti lé e bá." Wọ́n ní, "Ṣé mo sọ fún ọ pé ó ti parí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lóye fún ìgbà pípẹ́, òun sì ni mo rò pé ó ń da àríyànjiyàn ti Djokovic rú báyìí. Federer tí wọ́n lé bá lọ́dún 2008 gba Paris àti Wimbledon ní 2009. Ní 2017, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 35, ó nà Nadal ní àṣekágbá Australia, pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì tí orí rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọwọ́ kí ó tó ráyè ga. Kò sún sẹ́yìn mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló gbà á.

Ní ti Djokovic, Alcaraz, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, borí rẹ̀ ní àṣekágbá Wimbledon ní 2023, Djokovic sì gba ife ńlá rẹ̀ kẹrìnlélógún (ti Australia, Paris, Wimbledon àti New York ni à ń pè bẹ́ẹ̀) ní New York ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Alcaraz tún fi 6-2, 6-2, 7-6 lù ú ní Wimbledon ní 2024, Djokovic sì nà án padà ní Paris láàárín oṣù kan, ó gba wúrà Òlímpíìkì. Ṣùgbọ́n gbogbo ife ńlá mẹ́jọ ọdún 2024 àti 2025, Sinner, ọ̀dọ́ mìíràn, àti Alcaraz ló pín wọn láàárín ara wọn, mẹ́rin-mẹ́rin, Djokovic sì dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti 2025 láìwọ ọ̀kankan nínú àṣekágbá wọn. Lójú tèmi, wọ́n ti lé e bá. Ẹni tó bá ní ó ti parí ni n kò ní gbà fún.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la tún jọ wo eré Djokovic àti Sinner ní Wimbledon 2025. Orí ẹ̀gbọ́n mi ti funfun báyìí. Ní àárín sẹ́ẹ̀tì kejì, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè àtijọ́ náà: níbo ni bọ́ọ̀lù ti ń bá a?

Mo ní, "Lẹ́yìn ìlà ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń pẹ́ débẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan."