Ṣé kí n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ torí ilé àjùmọ̀gbé oníyàrá 14?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè dá a rò mọ́.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gba ilé oníyàrá 6 lọ́wọ́ onílé kan. Mo to bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì sí i, mo fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo sì ń fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló jọ ń lo ilé ìdáná àti pálọ̀. Iṣẹ́ oṣù mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń bójú tó ilé. Kò tíì sí yàrá tó ṣófo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Onílé yìí kan náà ti wá fi ilé oníyàrá 14 lọ̀ mí. Ọdún 10 ló ní kí n buwọ́ lù, iye kan náà lóṣooṣù, èèyàn ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Bí mo bá gbà á, àfi kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ò ní kí n má ṣe é, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún un ni kì í ti í sùn dáadáa.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ tún ẹ̀rọ omi ṣe níbẹ̀, mo bá mẹ́rin nínú wọn ní ìdí tábìlì ilé ìdáná, ọ̀kan ń bá èkejì tún lẹ́tà ìwáṣẹ́ kọ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, wọn ò mọ ara wọn rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Onílé-Mẹ́ta:
Àbúrò, o kú ìgboyà. Má buwọ́ lù ú bó ṣe wà yẹn.

Mú bírò. Nínú yàrá 14, owó yàrá mélòó ló máa bá onílé lọ? Mélòó ló máa san iná, omi, ìmọ́tótó àti àtúnṣe? Ilé oníyàrá 10 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Owó yàrá 6 ń bá onílé lọ, ti 2 ń bá ìnáwó lọ, ti 2 ló ń kù fún mi. Mo rò pé mo ti là. Lóṣù kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta kó jáde: ọ̀kan ríṣẹ́ síbòmíràn, ọ̀kan gbéyàwó, ẹnì kẹta ní ariwo ti pọ̀ jù. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń tọwọ́ bọ àpò ara mi kí owó onílé tó pé.

Àdéhùn oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni àwọn tó ń gbélé rẹ ń bá ọ ṣe, ìwọ wá fẹ́ bá onílé ṣe ti ọdún mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni ewu yẹn wà. Ọ́fíìsì ni WeWork, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ń yá fún èèyàn ní tiwọn, ọgbọ́n kan náà ni. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2019, nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ìpín fún aráàlú, owó ilé tí wọ́n ti ṣèlérí láti san tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 47 dọ́là, èyí tí oníbàárà ti fọwọ́ sí láti san fún wọn ò sì ju bíi bílíọ̀nù 4 lọ. Ní 2023 wọ́n gba kóòtù lọ torí gbèsè. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àbúrò mi.

Oníṣirò:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀pọ̀ máa sọ pé kó má háyà ilé rárá, kó kàn máa bá onílé bójú tó o, kó gba owó iṣẹ́. Èyí náà ní ewu tirẹ̀. Common, ilé-iṣẹ́ ilé àjùmọ̀gbé kan ní Amẹ́ríkà tí Brad Hargreaves dá sílẹ̀ ní 2015, iṣẹ́ àbójútó fún àwọn onílé ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ Habyt, ilé-iṣẹ́ irú wọn kan láti Germany, ní 2023. Nígbà tó di 2024, Common ti wọko gbèsè. Owó àbójútó kéré lórí yàrá kan. Bí òṣìṣẹ́ bá yára pọ̀ ju yàrá lọ, kò sí bó ṣe fẹ́ jẹ èrè.

Ohun tí mo máa sọ fún onílé ni pé: ẹ gba iye kékeré kan tí kò ní yẹ̀, ká wá pín èyí tó bá wọlé lé e. Bí kò bá gbà, a jẹ́ pé ó fẹ́ kí ìwọ nìkan gbé ewu ilé òun. Kó o tó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí owó ilé oṣù mẹ́fà ti wà nílẹ̀, lọ́tọ̀ sí owó oúnjẹ ilé rẹ.

Agbẹjọ́rò wa:
Ẹ wo nǹkan mẹ́ta nínú ìwé yẹn, arákùnrin. Ṣé ó gbà yín láyè láti fi ẹlòmíràn sínú ilé? Bí ilé bá wà lábẹ́ ẹ̀yáwó, ṣé ẹni tó yá onílé lówó mọ̀ sí i? Ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró fún gbèsè, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yín. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń gba ilé àti mọ́tò lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ tún béèrè òfin ibẹ̀ lórí iye èèyàn. Bí àpẹẹrẹ, ní England, tí èèyàn 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn kì í ṣe ìdílé kan náà bá jọ ń lo ilé ìdáná kan, ẹni tó ń fi ilé háyà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Owó ìdúró tí àwọn ayálégbé bá san sílẹ̀, tí wọ́n máa gbà padà bí wọ́n bá ń kó lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tiwọn ni.

Mo-gbé-bẹ̀-rí:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó ń gbébẹ̀. Àwọn àgbà ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Àwa ò tíì fẹ́ràn ara wa lọ́jọ́ tá a kó dé o! Fíríìjì kan fún èèyàn mẹ́sàn-án ló lé mi jáde. Mo kọ orúkọ sára ike ọbẹ̀ mi, mo dé lálẹ́, ike ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n dá a padà sáyè ẹ̀. Inú bí mi ju bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lẹ́gbin lọ. Yàrá 14 kì í ṣe yàrá 6 lọ́nà méjì. Ní mẹ́fà, ẹ mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Oníbèéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi bírò ṣe é bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí: owó yàrá 9 ló máa bá onílé lọ, ti 3 fún ìnáwó. Yàrá 2 péré ló kù. Mi ò mọ̀ pé ó súnmọ́ tó báyẹn. Mo fi han ìyàwó mi lálẹ́ àná, a jọ tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo pe onílé láàárọ̀ yìí. Ó gbà láti sọ ọdún 10 di 3, kò tíì gbà ká pín owó. Mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ títí tó fi máa dáhùn. Mà, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa, mo máa fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ Ajé. Mo sì ti wọn ilé ìdáná ilé oníyàrá 14 yẹn: ó gba fíríìjì mẹ́ta.