Ẹ gbà mí o, congiuntivo fẹ́ sọ mí di wèrè

Àbẹ̀kẹ́ Padova: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdánwò èdè Italiano B1 mi. Mo ti sanwó, mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, àṣé mi ò tíì mọ nǹkan kan. Lónìí, tíṣà wa ní CPIA, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti ìjọba, fún wa ní bébà kan tó kún fún àlàfo, ó ní ká fi verbo (ọ̀rọ̀-ìṣe) dí i. Mo kọ “Se avrei tempo, venirei”. Obìnrin yìí fi bírò pupa fa róbótó yí avrei ká, ó fa òmíràn yí venirei ká, ó wá mí kanlẹ̀. Gbólóhùn kan, àṣìṣe méjì! Mo ṣí ìwé nínú bọ́ọ̀sì, mo bá oríṣiríṣi àsìkò verbo: mo bá imperfetto, mo bá trapassato, mo bá futuro anteriore, congiuntivo (ti ìfẹ́ àti iyèméjì) tiẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú passato remoto (ti ohun tó ti kọjá) tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Padova. Èwo ni mo lè fò nínú wọn? Ọdún kọkànlá mi rèé níbí, ìwé yìí nìkan ló kù kí n tó béèrè cittadinanza, ìwé ọmọ ìlú. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o.

Ìyá Ìbejì Brescia: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fi remoto sílẹ̀, imperfetto ni kó o mú lọ́tàá. Òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú nígbà náà yọ̀ ṣubú nínú bagno (balùwẹ̀), ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò tiẹ̀ bó lára. Lọ́jọ́ kejì mo pe ọmọ rẹ̀. “È caduta” (ó ṣubú) ló yẹ kí n sọ. Èmi rò pé ohun tó bá ti di àná, imperfetto ni, mo ní “La signora cadeva in bagno”. Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní “Cadeva? Da quanto tempo?” (láti ìgbà wo?) Mo gbọ́ tempo, mo rò pé aago ló ń bi mí, mo ní “Due” (méjì). Ó ní “Due mesi?” Èmi náà ní “Sì, sì”.

Bàbá Torino: Yéè!

Ìyá Ìbejì Brescia: Mo ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ *máa ń* ṣubú, pé ó ti tó oṣù méjì, àti pé èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ń di ẹrù mi.

Bàbá Torino: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Tèmi, presente (ti ìsinsìnyí) ni. Mò ń bọ̀ láti ìkómọ lóru Sátidé, ọlọ́pàá dá mi dúró. Ó pè mí ní tu (ìwọ) bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí wa, ó ní “Hai bevuto?” Ike omi wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sókè, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní “Bevo! Bevo!”

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Ó bi yín bóyá ẹ ti mu, ẹ ní ẹ máa ń mu 😂

Bàbá Torino: Pẹ̀lú ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́ o. Mo fẹ́ ẹ̀rọ wọn títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi. Òdo ló gbé jáde, síbẹ̀ wákàtí kan gbáko ni mo fi wà nínú òtútù. Ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀ títí dòní.

Bọ̀dá Verona: Ẹ̀yin ń sọ verbo, ìdí verbo ló pa èmi. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dé, òun ló kọ́ mi ní Italiano. Ohun tó bá sọ ni mo ń sọ. “Sono andata” (mo ti lọ), “sono arrivata” (mo ti dé), “sono stanca” (ó ti rẹ̀ mí). Odidi ọdún kan ni mo fi ń sọ ọ́ ní fábríkà, pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí. Mi ò mọ̀ pé obìnrin ló ni -a ìparí yẹn, mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń kí mi ní “buongiorno, signora”.

Ìyá Ìbejì Brescia: Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí o. “Ó ti lọ” tiwa, ta ló bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Kékeré lẹ rí. Èmi wà níwájú sportello (fèrèsé ọ́fíìsì) kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Obìnrin náà ní kí n mú marca da bollo (sítáǹbù ìjọba) wá. Mò ń tú àpò, mo ní “Aspetta, aspetta!” (dúró, dúró!) Ojú ẹ̀ yí padà. Ó pa fáìlì mi dé, ó ní kí n lọ gba ìpàdé mìíràn. Oṣù mẹ́ta! Nítorí lẹ́tà kan! “Aspetti” ló yẹ kí n sọ.

Bàbá Torino: Rárá o. Aspetti ni ti tu. Io aspetto, tu aspetti, Lei (ẹ̀yin ti ọ̀wọ̀) aspetta. Ohun tó o sọ dára, obìnrin yẹn ló ń ṣe ìkà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tún ba ti ẹlòmíì jẹ́ báyìí.

Bàbá Torino: Èmi tí mo ti wà níbí láti 1998?

Ẹ̀gbọ́n Napoli: Ẹ̀yin lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu. “Aspettate”, ó parí. Voi ni ẹ̀yin, bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an. Àgbà kan ṣoṣo ni, a ó sì kí i bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Àwọn ará ìlú níbí mọ ọ̀wọ̀.

Bàbá Torino: Pe èèyàn kan ní voi ní Torino kó o wò ó. Á wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì dúró sẹ́yìn òun.

Tíṣà Bologna: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì tó ń jà ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé a kàn ń ròyìn, tu aspetti, Lei aspetta, bí Bàbá Torino ṣe wí. Tó bá wá di àṣẹ, wọ́n á pààrọ̀ fìlà: tu aspetta, Lei aspetti. Lei ò ní àṣẹ tirẹ̀, congiuntivo ló ń lọ yá wọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ scusi (ẹ má bínú), senta (ẹ gbọ́), mi dica (ẹ sọ fún mi), si accomodi (ẹ jókòó). Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí i? O ti ń sọ congiuntivo láti ọjọ́ tó o ti dé.

Bàbá Torino: Prendi (mú) ńkọ́? Tu prendi, àṣẹ rẹ̀ náà prendi. Fìlà wo ló pààrọ̀?

Tíṣà Bologna: Àwọn verbo tó parí sí -are nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ti Lei náà sì yí padà: prenda.

Bàbá Torino: Hẹ̀n-ẹ́n. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mò ń dán yín wò ni.

Àbẹ̀kẹ́ Padova: Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. “Se avrei tempo” mi ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́?

Tíṣà Bologna: Yorùbá ni kó o fi mú un. “Ká ní mo ní àyè ni, ǹ bá wá.” Se avessi tempo, verrei. Ibi tí “ká ní” bá wà, congiuntivo imperfetto: avessi, fossi, potessi. Ibi tí “ǹ bá” wà, condizionale: verrei, sarei, potrei. Má jẹ́ kí -rei jókòó ti se láéláé, wọn kì í bára gbé. Venire sì ya aláìgbọràn díẹ̀, verrei ni, kì í ṣe venirei. Tó bá ti kọjá: “Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí wá.” Se l'avessi saputo, non sarei venuta.

Bọ̀dá Verona: Venuto! Èmi ti gbọ́n.

Ìyá Ìbejì Brescia: Gbólóhùn yẹn, àfi bíi pé èmi ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Oṣù kìíní, yìnyín dé kókósẹ̀, mo dúró de bọ́ọ̀sì aago márùn-ún àárọ̀. Se l'avessi saputo.

Tíṣà Bologna: “Kí” náà ń bẹ. “Mo fẹ́ kí o wá”, voglio che tu venga. “Kó tó lọ”, prima che vada. Tó o bá ti gbọ́ “kí” nínú ọkàn rẹ, mú congiuntivo.

Àbẹ̀kẹ́ Padova: “Mo rò pé” wá ńkọ́? “Pé” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “kí”, tíṣà wa sì ní penso che sia (mo rò pé ó jẹ́), congiuntivo ni.

Tíṣà Bologna: Ibẹ̀ ni Yorùbá ti já wa sílẹ̀. Ohun tó bá dá ọ lójú, indicativo: so che è (mo mọ̀ pé ó jẹ́). Ohun tó o kàn rò, tó o fẹ́, tó ń bà ọ́ lẹ́rù, congiuntivo.

Ìyá Ìbejì Brescia: Ọ̀gá mi, ọmọ Brescia ni, “penso che è” ló ń sọ lójoojúmọ́.

Bàbá Torino: Ọ̀gá yín ò ṣèdánwò B1. Àwa tá a gba ìwé wa ṣáájú 2018 náà ò ṣe é, ẹ fi ìyẹn dúpẹ́ fún wa. Ìdìbò oṣù kẹfà 2025 tí ì bá sọ ọdún mẹ́wàá tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé níbí kó tó béèrè ìwé ọmọ ìlú di márùn-ún, àwọn tó jáde ò tó ìdajì, ó já sófo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Àbẹ̀kẹ́, ẹ má fò remoto o. Ọ̀dọ̀ wa níbí, òun la fi ń jẹun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ẹnu, “mangiai” (mo jẹun) ló máa sọ. Tí wọn ò bá gbọ́ ọ, “Che dicesti?” (kí lo sọ?)

Bàbá Torino: Níbí, ìtàn Garibaldi, jagunjagun àtijọ́ tó so Italy pọ̀, nìkan là ń fi remoto sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Garibaldi yẹn, Marsala lọ́dọ̀ wa ló gúnlẹ̀ sí ní 1860. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Bàbá Torino: Ní 1861, níbo ni olú ìlú Italy wà? Torino! Ẹ lọ ka ìwé.

Ẹ̀gbọ́n Napoli: Ìlú tí kò sí òkun, tí kò sí oòrùn, ariwo olú ìlú nìkan ló kù.

Bàbá Torino: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe “ho fame” (ebi ń pa mí) ní “tengo fame” (mo di ebi mú), ẹ̀yin náà fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ verbo.

Ẹ̀gbọ́n Napoli: Ebi tó mú ni dáadáa, tengo ló yẹ ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Ẹ̀gbọ́n sòótọ́. Àwa ní ọjà Ballarò. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata rodo, lójú pópó níbẹ̀. Polenta, àgbàdo rírò, lẹ̀yin ń jẹ ní Brescia.

Ìyá Ìbejì Brescia: Má bú polenta o. Tí mo bá rò ó kó le dáadáa, tí mo bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sí i, mo lè pa ojú dé kí n rò pé ẹ̀bà ni. Ìgbà tí mo bá lajú ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Ìgbín náà ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Tí ọdún Santa Rosalia bá dé ní oṣù keje, babbaluci ni gbogbo ìlú ń jẹ, ata ilẹ̀ kọ́, aáyù àti parsley ni wọ́n fi ń sè é.

Bọ̀dá Verona: Báwo ló ṣe tóbi tó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Bí èékánná.

Bọ̀dá Verona: Ìyẹn kì í ṣe ìgbín, ẹyọ owó ni.

Ìyá Ìbejì Brescia: Ìyá mi pè láàárọ̀ yìí láti Ìsẹ́yìn. “Ìgbà wo lo ń bọ̀?” Mo ní “Màá wá.” Láti ìgbà ayé Kòrónà ni mo ti ń sọ “màá wá” yẹn. Ká ní Italiano ni, verrò (màá wá), verrei (ǹ bá wá), sarei venuta (ǹ bá ti wá), ìyá mi ì bá ti mọ èyí tí mò ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n Napoli: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá Verona: Ta ló mọ ibi tí èlùbọ́ tó dúdú dáadáa wà nítòsí Verona? Èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá funfun bí ẹfun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Palermo: Ẹ wá sí Ballarò.

Bọ̀dá Verona: Ọkọ̀ òfuurufú fún èlùbọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Padova: Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé o. Mo ti kọ “ká ní” àti “ǹ bá” sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n trapassato ńkọ́? Àti futuro anteriore?

Bàbá Torino: Èlùbọ́ wà ní ọjà Porta Palazzo ní Torino, Bọ̀dá. Ẹ bọ́ sí inbox.