"Àwàdà dúdú" kọ́, ẹ jẹ́ ká wá orúkọ míì fún un

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé, tá a bá máa túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, orúkọ wo la fẹ́ fún irú ìwé ọmọdé tí Lemony Snicket kọ yẹn, A Series of Unfortunate Events, ìwé mẹ́tàlá nípa ọmọ òrukàn mẹ́ta tí ìyà ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ tí ìwé náà ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ká pè é ní "àwàdà dúdú", àwọn bíi mẹ́ta ti gbè é lẹ́yìn. Ẹlòmíì ní ẹ̀fẹ̀ ìkà ni, kò tiẹ̀ yẹ kí ọmọdé kà á rárá ká tó wá máa wá orúkọ fún un. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Fún ẹni tí ò tíì kà á: ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1999, ìkẹyìn ní 2006. Lemony Snicket ò kí ń ṣe orúkọ àbísọ, Daniel Handler ará Amẹ́ríkà ló ń fi orúkọ yẹn kọ̀wé, Snicket fúnra ẹ̀ sì tún jẹ́ èèyàn nínú ìtàn náà, òun ló ń sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, tó ń bẹ̀ wá pé ká gbé ìwé náà sílẹ̀ ká wá nǹkan tó dùn kà. Violet, ọmọ ọdún 14, òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó bá ti fi rìbọ́ọ̀nù di irun ẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa bò ó lójú, ẹ mọ̀ pé ó ti ń ronú nìyẹn. Klaus, ọmọ ọdún 12, ìwé kíkà ni tiẹ̀. Sunny ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, eyín ẹnu ẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ àmọ́ kò sí ohun tí kò lè gé jẹ. Iná jó ilé mọ́ bàbá àti ìyá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Poe tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì kó wọn lọ fún Count Olaf, òṣèré orí ìtàgé kan tó jẹ́ pé ogún wọn nìkan ló ń wá, ogún yẹn ò sì ṣeé fọwọ́ kàn àfi tí Violet bá pé ọdún 18. Láti ìwé kejì lọ, ibi yòówù tí àwọn ọmọ bá dé, Olaf á para dà lọ bá wọn níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo "àwàdà dúdú". Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti mú un wá (black comedy), àwọ̀ yẹn ń tọ́ka sí ikú àti ọ̀fọ̀, àmọ́ lẹ́nu tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ tààrà. Adúmáadán, oríkì ni. Aláwọ̀ dúdú, àwa náà nìyẹn. Tí ẹ bá sọ pé inú ẹnì kan dúdú, òǹrorò lẹ ń pè é. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ "àwàdà dúdú" láìsí ẹni tó ṣàlàyé fún un, yóò rò pé àwàdà àwọn aláwọ̀ dúdú ni tàbí àwàdà ẹni tí inú ẹ̀ ò mọ́, kò sí èyí tó jẹ mọ́ ìwé yìí nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá tó jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ èdè kejì nìkan ló máa yé, ta la ṣẹ̀dá ẹ̀ fún?

Ti "ẹ̀fẹ̀ ìkà" ló dùn mí jù. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti gbà pé àwọn ọmọ yẹn là ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo inú ìwé kejì. Olaf dé sílé mọ̀lẹ́bí wọn kan tó ń sin ejò, ó ti pa orúkọ dà, ó ní Stephano lòun. Àwọn ọmọ dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmì ojú kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ Olaf tí wọ́n fín sí i lára, wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Poe wo ọrùn ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí. Poe wò ó, kò rí nǹkan kan, ó ní ẹ ò rí i pé ẹ ti ṣì í mọ̀. Pọ́dà ni Olaf fi bo àmì náà mọ́lẹ̀! Ìgbà tí wọ́n rọ Poe títí kó tó fi áńkáṣíìfù ẹ̀ nu ibẹ̀, áńkáṣíìfù tó fi ń bo ẹnu wúkọ́ káàkiri láti ìwé àkọ́kọ́, ni àmì ojú yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹni tó ń sin ejò ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ o. Ta la wá ń fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Àgbàlagbà tó wọ kóòtù tó sì mọ ìwé tó jẹ́ pé ohun tí ọmọ ọwọ́ rí, òun ò rí i. Ẹ̀rín náà ń bọ́ lẹ́nu wa ni, inú sì ń bí wa. Ẹnikẹ́ni tó ti sọ òótọ́ fún àgbà nígbà èwe tí wọn ò gbà á gbọ́ mọ irú ẹ̀rín yẹn dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi fẹ́ràn ìwé náà ju bí àwọn òbí kan ṣe rò lọ.

Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Kí ló dé tá a ń lọ yá àwọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì? Àbá mi ni ÀWÀDÀ AJUẸKÚNLỌ. Ẹnì kan ti ní ó gùn, pé "ẹ̀rín ẹlẹ́kún" kúrú jù ú lọ. Ó kúrú lóòótọ́, àmọ́ etí mi ń gbọ́ ọ bíi kéèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú, ìyẹn sì yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ má pa u yẹn jẹ, ajẹkúnlọ máa dà bíi pé ẹnì kan ń jẹ ẹkún.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìwé náà gan-an ńkọ́? Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ sí "Ìtàn Àwọn Olórí Burúkú", mo mọ̀ pé kò ní nǹkan búburú lọ́kàn, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Tá a bá ti pe ọmọ ní olórí burúkú, orí ọmọ la dá lẹ́bi, bíi pé ohun tó yàn wáyé ló ń jẹ níyà. "Aláìṣoríire" náà ò yàtọ̀, orí ṣì ni. Kò sí ohun tó ṣe orí Violet. Ẹni tó fẹ́ jẹ ogún wọn ló ń lé wọn kiri, àwọn tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n ò sì gbọ́ràn. Àgbákò lọ̀rọ̀ tó bá a mu, torí pé ohun téèyàn rìn pàdé ni, kì í ṣe ohun tó gbé wáyé. "Àgbákò Lórí Àgbákò", ẹ pè é sókè ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" tí ẹlòmíì fẹ́ pè é ò tún bá a mu. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wá ẹni tó hùwà ọ̀daràn, nínú ìwé yìí a ti mọ ọ̀daràn kó tó wọlé, ohun tí a ò mọ̀ ni àṣírí tí àwọn òbí wọn gbé lọ. Àdììtú ni, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìtàn àdììtú.

Àmọ́ "alágbàtọ́" tí ẹnì kan ní ká má lò fún Olaf, torí pé ó gba ọmọ ni kò tọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Olaf kó ọmọ mẹ́ta sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ó fi Sunny sínú àgò ẹyẹ so ó rọ̀ lójú fèrèsé ilé gogoro, ká wá máa kà á lójú ìwé pé "alágbàtọ́ wọn", ọ̀rọ̀ yẹn á máa ta wá létí ni, ohun tí òǹkọ̀wé sì fẹ́ nìyẹn.

Mo gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ní ìtàn náà ń tún ara ẹ̀ sọ. Òótọ́ ni fún bí ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́: alágbàtọ́ tuntun, Olaf para dà dé, Poe ò gbà, àwọn ọmọ fi ọgbọ́n ara wọn yọ. Tó bá fi máa di ìwé kẹjọ, kò sí alágbàtọ́ mọ́, wọ́n ti fẹ̀sùn ìpànìyàn kan àwọn ọmọ fúnra wọn, ìtàn ti kọjú síbòmíì. Àwọn tó ń bínú sí ìparí, pé òǹkọ̀wé ò já gbogbo àdììtú, mo lóye wọn. Nínú àlọ́ wa, ọmọ òrukàn tí orogún ìyá ẹ̀ ń fìyà jẹ á padà dolówó, ẹni burúkú á sì jìyà, ibẹ̀ lọkàn wa ti ń retí gbogbo ìtàn òrukàn. Snicket ò ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ gan-an dáná sun ilé nígbà tó yá kí wọ́n lè yọ, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè bóyá àwọn ṣì jẹ́ ọmọ rere. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀.

Iṣẹ́ gidi tó kù fún wa ni V.F.D. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń yọjú káàkiri láti ìwé karùn-ún, ó ń ní ìtumọ̀ oríṣiríṣi kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ panápaná kan ni (Volunteer Fire Department), Yorùbá ò sì ní V. Mo gbìyànjú A.A.K. dípò ẹ̀. Abúlé ìwé keje tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹyẹ kannakánná á di Abúlé Abọ Kannakánná, ìyẹn wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn olórin ọsibítù inú ìwé kẹjọ lè jẹ́ Àwọn Abáàrùnjà Kíkan. Ẹgbẹ́ gan-an, Àjọ Apaná Kárí-ayé, àmọ́ kò sọ pé fífínnúfíndọ̀ ni wọ́n ń ṣe é láìgba owó, ìyẹn ò sì ṣeé fi sílẹ̀ torí òun ni ọkàn ẹgbẹ́ náà. Ìṣòro kejì, lẹ́tà V, F àti D ni wọ́n fi ya àmì ojú tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ Olaf, a ní láti wá ayàwòrán tó lè fi A.A.K. ya ojú. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó fi K bẹ̀rẹ̀ tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àtinúwá, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́.