Ẹ bá mi wá orúkọ fún ṣọ́ọ̀bù ajá mi

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn, màá máa wẹ ajá, màá máa gé irun ajá Lhasa àtàwọn onírun gígùn yẹn, màá sì máa ta oúnjẹ ajá àti ti ológbò. Owó ṣọ́ọ̀bù ti délẹ̀, orúkọ ni ò jẹ́ n sùn.

Orúkọ Yorùbá ló wù mí gan-an, torí àwọn bàbá wa ò fi orúkọ ajá ṣeré, wọ́n á sọ ajá ní orúkọ tó jẹ́ òwe kí aládùúgbò tó ń bá wọn jà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú wọn. Ìyàwó mi wá ní tí mo bá kọ "ajá" sára sáìnbọ́ọ̀dù kò ní dùn létí, torí a máa ń fi bú èèyàn. Mo ní "Ẹran Ọ̀sìn" ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n á rò pé ewúrẹ́ àti adìẹ ni mò ń tà, òótọ́ sì ni. "Bingo" náà wá sí mi lọ́kàn àmọ́ ajá mélòó ni ò jẹ́ Bingo ní Nàìjíríà, ẹ̀rù sì ń bà mí kí CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, má lọ dá a padà pé ẹlòmíì ti gbà á.

Ó wá ku "Ọ̀rẹ́ Ilé" àti "Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin". Èwo lẹ fẹ́? Tẹ́ ẹ bá rí i lójú títì, ṣé ẹ máa mọ̀ pé ajá la ń tọ́jú níbẹ̀, àbí àfi kí n ya àwòrán ajá sí i?